Ẹni Tó Dá Ẹ̀gbà Lóhùn

Ẹni tó kan àga Ilé Ìtọ́jú Arómisá kò rò ó rí pé èèyàn lè ga tó Ìbídùn. Nígbà tó jókòó, orúnkún rẹ̀ méjèèjì gòkè wá bá a láyà, ó sì kó ọwọ́ lé wọn. Ago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ti kọjá. Nọ́ńbà kọkànlélógójì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹrìndínlógójì ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè.

Lára ògiri tó kọjú sí i, orúkọ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lórí gíláàsì gbọọrọ kan. Ọjọ́ Ìṣàyàn ni. Tó bá di ago méjìlá ọ̀sán géérégé, àwọn ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ńláńlá máa mú ọgbọ̀n eléré tó wù wọ́n, wọ́n á ti ìwé pa. Ẹni tí wọn ò bá mú, kó yáa lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni òfin gbà kí orúkọ èèyàn gun ògiri yẹn. Lánàá, ipò kejì ni Ìbídùn wà. Láàárọ̀ yìí, nígbà tó ń fọ eyín, ó ti já sí ipò kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Báyìí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó wo ibẹ̀ títí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí inú bí òun. Ó tiẹ̀ gbìyànjú díẹ̀, ó di eyín, ó fún ọwọ́ pọ̀, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Gbogbo inú rẹ̀ kú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. Ó wá ń ka iye táìlì tó wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lé itan, ó sì ti kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà tán. Nígbà tí wọ́n ń wọlé, obìnrin náà dúró lórí àtẹ̀gùn kejì nínú mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní òun ń tún okùn bàtà òun ṣe. Bàtà aláìlókùn ló wọ̀. Ìbídùn rí i.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbídùn gbọ̀n. Ó gbé e sétí.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ohùn Kóòṣì Tẹ̀là wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún Ìbídùn."

"Èmi ni, sà."

"Háà! Ìwọ àti ìyá ẹ, ọdún kẹta rèé, mi ò tíì mọ ohùn yín yàtọ̀. Níbo lo wà?"

"Ilé Ìtọ́jú."

"Má kúrò níbẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Ẹgbẹ́ Àwòdì ò tíì fún ẹlòmíràn ní àyè ẹ. Wọ́n ní àwọn kà á nínú ìwé ara ẹ pé ọkàn ẹ ń fo. Mo ní ọkàn ta ni? Ọmọ tó ń sáré ogójì ìṣẹ́jú tí kì í mí hẹlẹ! Wọ́n ní ìyẹn ò kan àwọn, ìwé làwọn ń kà. Ṣùgbọ́n tí ìwé ẹ bá mọ́ kó tó di méjìlá, àyè ẹ wà níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"O ò pariwo. Ẹni tí irú eléyìí bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń pariwo."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ìbídùn wí, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Bàbá arúgbó kan wà lórí bẹ́ńṣì iwájú wọn tó ti fi ọwọ́ di ìbàdí mú láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Bó ṣe ń yí ìdí sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀gbà dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tan iná, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ara ńkọ́?"

"Ara le, a dúpẹ́," ni bàbá dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Nọ́ńbà kẹtàdínlógójì pa rẹ́ lórí gíláàsì. Bàbá wo nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀, ó wo òkè, ó sì dìde pẹ̀lú ìrora. "Ẹ dákun, nọ́ńbà mi dà? Láti ìdájí ni mo ti wà níbí!"

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn, ọkùnrin kúkúrú tó fi bíírò sí etí méjèèjì, mi orí. "Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ara yín le ni."

"Ó kí mi!"

"Mo mọ̀, sà."

"Wọ́n kí mi, kí n má dáhùn? Ṣé ẹranko ni mí?"

"Ẹ gba nọ́ńbà tuntun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkísà yìí wé ẹ̀gbà yẹn kó má baà tún kí yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹ̀gbà dúdú tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń gbọ́. Ti àwọn eléré, bí èyí tó wà lọ́wọ́ Ìbídùn, funfun ni, ó sì ń gbọ́ ọkàn, ó ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí èèyàn fò sókè. Ẹ̀gbà dúdú ni bàbá Ìbídùn náà lò. Ó sọ "a dúpẹ́" fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú, ìwé rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní pé ara rẹ̀ le.

Wọ́n pe nọ́ńbà kọkànlélógójì.

"Lọ sọ tẹnu ẹ, Àjìkẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, oríkì rẹ̀ ló fi pè é. "Má bá wọn jà o. Fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́."

Yàrá tó wọ̀ kéré. Àga kan wà níbẹ̀, tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, gíláàsì Olùgbọ́ sì wà lára ògiri. Ẹ̀rọ ni Olùgbọ́, òun sì ni dókítà ibẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ìkíni rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìbídùn ọmọ Adéwọyin. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú sùúrù. Ẹ kú ìmúra Ìṣàyàn. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Àṣìṣe wà nínú ìwé ara mi."

Gíláàsì náà ṣókùnkùn.

Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn fi bíírò kan họ orí. "Ẹ má pè é ní àṣìṣe. Tó bá ti gbọ́ àṣìṣe, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ní kó kà á fún yín."

Wọ́n jọ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún náà. Akọ̀wé jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí iná padà dé, Ìbídùn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi."

"Inú wa dùn láti kà á. Ọkàn yín ń fo. Ó ń lù, ó ń dúró, ó tún ń sáré. Òwúrọ̀ mẹ́tàlélógún la ti gbọ́ ọ, láàárín ago mẹ́fà àbọ̀ sí ago méje."

"Lọ́sàn-án ńkọ́? Mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án."

"Lọ́sàn-án, ọkàn yín dára. Kò sí èyí tó dára tó o ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín."

"Ṣé ọkàn kan náà lè bàjẹ́ láàárọ̀, kó tún dáa lọ́sàn-án?"

"A kì í kọ ohun tó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá gbọ́ la ń kọ."

Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn gbé ejìká sókè, bí ẹni tó ti gbọ́ ìdáhùn yẹn lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ," ni Ìbídùn wí.

Ohùn náà jáde látinú ògiri. Pù-pù. Pù. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan kò sí, ó pẹ́ débi pé Ìbídùn gbé ojú sókè. Pù-pù-pù-pù. Kì í ṣe ìró ọkàn rẹ̀. Ó mọ ti ara rẹ̀, ó máa ń gbọ́ ọ nínú etí nígbà tó bá dúró síwájú agbọ̀n tí gbogbo pápá dákẹ́ kó tó ju bọ́ọ̀lù. Ohùn èèyàn wá tẹ̀ lé e. "Ara le o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ tiẹ̀ ń kí i padà! Mi ò rí irú yín rí nínú àwọn ọmọ ìsinsìnyí."

Ìbídùn kò tíì kí ẹ̀gbà padà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i lọ́wọ́. Ó jókòó, orúnkún rẹ̀ sì tún gòkè wá bá a.

Òun fúnra rẹ̀ ló fà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò gbà kí eléré fò ju igba ìgbà lọ lójúmọ́, kí orúnkún tó jẹ́ ọjà wọn má baà bàjẹ́, ẹ̀gbà ló sì ń kà á. Nítorí Ìṣàyàn tó ń bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ sí pápá láàárọ̀ láti fi ọgọ́rùn-ún kan lé e. Á bọ́ ẹ̀gbà sílẹ̀ lójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì eyín, nígbà tó bá sì padà dé, á bá iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lára rẹ̀, àmì pé wọ́n ti gba ìdáhùn. Ó rò pé ẹ̀gbà náà ń fojú fò ó ni. Òwúrọ̀ mẹ́tàlélógún.

"Ṣé ẹ gbà á, àbí ẹ kọ̀ ọ́?" ni Olùgbọ́ bèèrè.

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá kọ̀ ọ́?" ni Ìbídùn bi Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn.

Akọ̀wé náà dáwọ́ ẹ̀pà dúró. "Tí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ máa sọ ẹni tó ni ọkàn náà. Orúkọ yín máa padà sórí ògiri kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni yẹn ló wọ ẹ̀gbà ẹlòmíràn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìwé fún ọdún mẹ́ta. Kò ní rí dókítà, kò ní rí oògùn, ilé ìtọ́jú kankan ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún un."

"Tí mo bá gbà á ńkọ́?"

"Ó di tiyín nìyẹn, kò sì ní kúrò lára yín láé. Àwọn ẹgbẹ́ á kà á." Ó wo gíláàsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìjókòó kan máa jáde fún yín lónìí. Lọ́dọ̀ dókítà."

"Olùgbọ́ míì?"

"Èèyàn. Dókítà Ọlátẹ̀jú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wá. Ohun tó bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ, eléyìí ò lè pa á rẹ́."

Ìbídùn wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ńlá ni, wọ́n ti yàwòrán rẹ̀ sára ọkọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì. "Ìjókòó yẹn, ṣé mo lè fún ẹlòmíràn?"

"Ẹni tó bá ń jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú yín nìkan. Òfin àtijọ́ ni, wọn ò rántí yọ ọ́." Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ lè lọ rò ó níta. Ẹ má jẹ́ kó di méjìlá."

Ó bá ìyá rẹ̀ níta lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó ti fún bàbá oníbàdí ní mọ́ínmọ́ín kan. Ìbídùn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, torí bó bá dúró, ọ̀rọ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà láìjẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ ọ.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń dá ẹ̀gbà mi lóhùn láàárọ̀?"

Ìyá rẹ̀ ń tún ìdérí kúlà dé. Ó dé e, ó ṣí i, ó tún dé e. "Ṣé wọ́n ní ohun tí mo sọ ò dáa ni?"

"Ẹ̀yin ni?"

"Ìwọ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó wà lójú fèrèsé, ó ń bèèrè. 'Ìbídùn, ara ńkọ́?' Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan, ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kí wọ́n máa bèèrè ara ọmọ mi nínú ilé mi, kí n máa wò ó níran? Ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ nìkan ni mo ti rí irú ẹ̀."

"Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́."

"Mo kọ́kọ́ dáhùn láti ibi ààrò, kò gbọ́. Mo wọ̀ ọ́, ó gbọ́. Mo sì sọ ohun tó dáa nípa ẹ. Ṣé ohun búburú ni mo sọ?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa náà."

"Ọkàn yín ń fo, Màámi. Òun ló gbọ́. Ó rò pé èmi ni."

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí kúlà. Ìbídùn ń wo ẹnu rẹ̀, ó sì mọ ohun tó máa jáde níbẹ̀ kó tó jáde.

"Ara mi le, a dúpẹ́."

"Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀."

"Okùn bàtà mi ni."

Obìnrin yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gígun òrùlé, tó ń tún sólà àwọn ilé gogoro Arómisá ṣe láti ìgbà tí òkun ti lé wọn wá sí orí òkè yìí. Nígbà tí Ìbídùn pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ yọ òrùka irin lára àgbá, ó gun àkàsọ̀, ó sì kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé kí ọmọ náà lè máa ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ó tó ọdún kan báyìí tí kò tíì gun nǹkan kan. Ó ní àwọn oníbàárà ò pe òun mọ́. Ìbídùn gbà á gbọ́, torí ó rọrùn láti gbà á gbọ́.

"Lọ sọ fún wọn pé èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kí ni wọ́n á ṣe fún mi?"

"Wọ́n á yọ yín fún ọdún mẹ́ta."

"Kí wọ́n yọ mí. Mo ti ń bọ̀ níbí ọdún méjì, kí ni wọ́n ti ṣe fún mi?"

Ìbídùn gbé orí sókè. "Ẹ ti ń bọ̀ níbí?"

Ìyá rẹ̀ rí i pé òun ti sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wo bàbá oníbàdí, bí ẹni pé bàbá náà ló máa gbà á sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré. Tí n bá jókòó tán, nǹkan yìí á kí mi, nọ́ńbà mi á sì lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un pé ara yín ò le?"

"Fún irin? Kí n fi ẹnu ara mi pe àìsàn, níwájú gbogbo èèyàn?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú Ìbídùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí omi níbẹ̀. "Àjìkẹ́, dìde. Orúnkún ẹ. Orúnkún yẹn làwọn Àwòdì fẹ́ rà. Lọ sọ fún wọn pé ìyá ẹ ni."

Ìbídùn dìde. Ẹ̀gbà rẹ̀ ń gbọ̀n, Kóòṣì Tẹ̀là ni. Kò gbé e. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rin yẹn, ó ń dúró de kí nǹkan kan gún òun láyà, ìbànújẹ́ ni o, ìbẹ̀rù ni o, kò sí èyí tó wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ọdún méjìlá ló ti fi ju bọ́ọ̀lù sí agbọ̀n, ó sì rò pé bí nǹkan náà bá máa bọ́ lọ́wọ́ òun, á dún.

Ago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ nígbà tó tún jókòó níwájú gíláàsì.

"Ẹ káàbọ̀, Ìbídùn ọmọ Adéwọyin. Ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ gbà á, àbí ẹ kọ̀ ọ́?"

"Mo gbà á."

Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn fi bíírò rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

"A gbọ́. Kí a tó ti ìwé, ẹ ní láti fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ìbídùn, ara ńkọ́?"

Ahọ́n rẹ̀ ti gbéra. Ó rí i bó ṣe ń lọ fúnra rẹ̀ síbi tó máa ń lọ láràárọ̀, ó sì ní láti fà á padà.

"Ara ò le," ni ó wí.

Olùgbọ́ kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bóyá ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí ní Arómisá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Ara mi ò le. Ọkàn mi ń fo."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó di férémù mú, ó ń mí gùlegùle. Ó ti gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìdúró. "Àjìkẹ́, kó ẹnu ẹ kúrò níbẹ̀! Irọ́ ló ń pa, ẹ má gbà á gbọ́! Ara ẹ̀ le! Èmi ni mo—"

Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú obìnrin náà, bíírò kan já bọ́ létí rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà! Ẹ kú ìrìn o!"

"A dúpẹ́ o," ni ìyá Ìbídùn dáhùn, ó yà á lẹ́nu. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ni mò ń—"

"Ẹ kú oòrùn mà!"

"Ẹ ṣé o. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí o, mà. Ẹ sì kú ọmọ! Ọmọ yín ga o!"

Obìnrin náà ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìkíni èèyàn sílẹ̀ láìdáhùn. Omi ti wà lójú rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ sí gíláàsì, ó ń wo Ìbídùn, ó sì ń sọ pé a dúpẹ́, a dúpẹ́, ẹ ṣé, a dúpẹ́, títí ìwé kékeré kan fi yọ jáde lábẹ́ gíláàsì.

"A ti ti ìwé," ni Olùgbọ́ wí. "Ẹ kú ara àìle."

Ọ̀gbẹ́ni Àńjọ́rìn dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó mú ìwé náà, ó kọ orúkọ ìyá Ìbídùn sí àyè tí òfin àtijọ́ fi sílẹ̀ fún ẹni inú ilé, ó sì fi lé ọmọ lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. "Ilẹ̀kùn kẹta. Ó ti dé."

Nínú yàrá ìdúró, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ Ìṣàyàn. Wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe ẹni kejì, ọmọbìnrin kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Ìbídùn ti fi àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nà ní oṣù tó kọjá. Àwòrán rẹ̀ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó de fìlà Àwòdì. Ìbídùn kọjá níwájú ògiri náà pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́ kan, ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ìyá náà ń bínú, ó ń sunkún, ó sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé apá ọmọ rẹ̀.

Yàrá kẹta ò ní gíláàsì kankan. Tábìlì onígi ló wà níbẹ̀, àti obìnrin tín-ín-rín kan tó wọ awò, tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí oorun kì í tó. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó wo Ìbídùn láti òkè délẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Kò bèèrè ìdí. Ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó sì di ọwọ́ obìnrin náà mú, ibi tí ẹ̀gbà dúdú wà gan-an, ó tú u, ó sì gbé e jù sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì.

"Ẹ kú ìjókòó, Màámi," ni Dókítà Ọlátẹ̀jú wí. "Ara ńkọ́?"

"Ara l—"

Ó dúró. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí ba kó má baà fi gbá férémù, ó gbá kúlà mọ́yà. Láti òde, wọ́n ń gbọ́ ẹni tó ń ka orúkọ kẹsàn-án. Ìyá náà gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ìkẹwàá pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ tí kò sí ẹ̀gbà mọ́ lórí rẹ̀, ó fi lé àyà.

"Ó ń dùn mí, dókítà," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."